Ilà Mẹ́ta Ojú Ìyá Mi

Ìyá mi bí ọmọ márùn-ún, fọ́tò gidi kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wa. Mo ní gidi, torí pásípọ́ọ̀tù wà, èyí tí wọ́n fi fóònù yà lóde ìnáwó náà wà, níbi tí gèlè ẹlòmíì ti bo ìdajì ojú wọn. Àmọ́ èyí tí a lè nàka sí fún àlejò pé "ìyá wa nìyí" kò ju ọ̀kan lọ. Dúdú-àti-funfun ni. Ṣọ́ọ̀bù afọ́tò kan nílùú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti yà á kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n kọjú sí wa gbangba, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, aṣọ sányán wà lára wọn, ìborùn wà léjìká, bàtà wọn pàápàá hàn. Ilà àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta sì dùbúlẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ́tùn-ún lósì.

Ilà yẹn ló sọ iṣẹ́ tí a rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ló máa gbà wá di iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Mo fẹ́ kọ bó ṣe lọ sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára ògiri, tó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó pé ọdún kan tí wọ́n ti lọ, àwa ọmọ fẹnu kò pé ká tẹ fọ́tò náà tóbi, kí ọ̀kan wà ní pálọ̀ ilé wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán, torí Ìbàdàn ni mò ń gbé, èmi ni mo sún mọ́ ilé jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ní àwọn á san ìdajì owó rẹ̀.

Gíláàsì ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ó lé ní ogójì ọdún tí fọ́tò yẹn ti wà nínú férémù. Òjò ti jò sí ògiri yẹn rí, ọ̀rinrin ti wọ ẹ̀yìn férémù, ojú fọ́tò sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti orí gèlè dé èjìká ọ̀tún. Bí èèyàn bá wò ó, á dà bíi pé omi wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán níbì kan, kò dán níbòmíì. Àbúrò mi ọkùnrin ti ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan bọ etí rẹ̀ kí n tó gbá a lọ́wọ́ mú. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lójú irú fọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gelatin, inú rẹ̀ ni àwòrán wà, kì í ṣe inú bébà. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bó bá tún gbẹ mọ́ gíláàsì, ó di àtè. Ẹni tó bá fà á, bébà ni yóò wá sí i lọ́wọ́, ojú ìyá rẹ̀ á kù sára gíláàsì.

Mo gbé férémù náà tòun ti gíláàsì lọ bá bàbá afọ́tò kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Má yọ ọ́ o, ọmọ mi. Inú gíláàsì yẹn náà la ó ti yà á."

Alẹ́ ni wọ́n ní kí n padà wá, kí ìmọ́lẹ̀ òde má baà kọ sí gíláàsì. Wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé. Wọ́n nu ojú gíláàsì, wọ́n tẹ́ férémù sílẹ̀, wọ́n gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lókè rẹ̀ gan-an, wọ́n wá gbé iná méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó má kọ padà sójú kámẹ́rà. Wọ́n tún fi aṣọ dúdú bo ara kámẹ́rà, ó ku ojú rẹ̀ nìkan, torí bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òjìji kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa hàn láyà ìyá mi. Wọ́n yà á tó ìgbà mẹ́wàá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ya ìyá mi mọṣẹ́. Láyé tiwọn, ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, aṣọ gbọ́dọ̀ tẹ́ kó fẹ̀, kí ẹni tó jókòó lè pé bí èèyàn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó lọ bá àwọn afọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ nípa irú ìjókòó yẹn lọ́dún 1978. Ó tún kọ nípa ohun kejì tí bàbá sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, wọ́n á wá dà bí ẹni tó jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á wọ ti obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Mo bi bàbá pé ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní, "Gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bí wọn ò bá mọ̀ ló máa di irọ́." Mi ò mọ̀ pé mo máa nílò ọ̀rọ̀ yẹn láìpẹ́.

Kámẹ́rà bàbá ń ya àwòrán tó ní pixel, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, 6000 ní gígùn, 4000 ní ìbú. Nígbà tí a gé etí férémù kúrò, a ṣì ní 4000 sí 5000. Bí a bá tẹ ìyẹn sí íǹṣì 16 sí 20, íǹṣì kọ̀ọ̀kan á ní pixel 250. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń fẹ́ 300, àmọ́ fún fọ́tò tí èèyàn á máa wò láti orí àga pálọ̀, 250 tó. Mo kọ ìṣirò yìí torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò náà, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, WhatsApp sì ti sọ ọ́ di kékeré kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí a bá fẹ̀ ẹ́, ojú ìyá mi á di kóró-kóró. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, Document ni kó tẹ̀, kì í ṣe Gallery. Àwòrán náà á dé bó ṣe gbéra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà nìyí. Fọ́tò náà ní àbàwọ́n, ẹ̀hun, ìyẹn bíbu tí ọ̀rinrin ń fà, ti wà lára rẹ̀, ìfàlà gígùn kan sì ti ìwájú orí wọn sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Mo gbé àwòrán tí bàbá yà fún ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìsì. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni, tó sì níwà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fi ránṣẹ́. Ó ní AI, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá àwòrán ṣe, ni òun lò.

Àwòrán náà mọ́ roro. Ìfàlà ti lọ, ẹ̀hun ti lọ, ojú wọn ń dán, etí gèlè wọn mú bí ẹni pé àná ni wọ́n wé e. Mo gbé e sí orí ẹgbẹ́ WhatsApp ilé wa, gbogbo wọn sì ń dúpẹ́. "Ẹ wo ìyá wa!" "Ẹwà àtijọ́!" Ẹ̀gbọ́n mi ní London ní àwọn sunkún. Èmi náà dúpẹ́, àmọ́ ara mi ò balẹ̀, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo sùn, mo jí, mo tún wò ó. Mo rò pé bóyá torí mi ò mọ̀ wọ́n ní kékeré ni.

Àbúrò ìyá mi tó kẹ́yìn ṣì wà láyé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn sì ṣì ríran. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé fóònù lọ bá wọn ní Ọ̀yọ́. Wọ́n mú un dání, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n bi mí pé, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Màmá ni. Ẹ̀gbọ́n yín."

Wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn, níbi tí àbàjà tiwọn wà, wọ́n wá fi ìka náà kan ojú fóònù. "Mẹ́ta dà?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ilà kankan kò sí níbẹ̀. AI ti ká gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìfàlà, ó ti nù ún nù. Kò sí lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Ara wọn ń dán bí ìgò. Kì í sì í ṣe ilà nìkan: ó ti la ojú wọn sí i, ó ti tún imú wọn ṣe díẹ̀. Irú ètò yẹn kì í wá ohun tó sọnù rí. Ọ̀pọ̀ ojú ni wọ́n ti fi kọ́ ọ, ohun tó bá ti rí níbẹ̀ ló fi ń rò bó ṣe yẹ kí ojú rí, ó sì ń ya èyí tó rò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, àléébù bébà ló jọ lójú tirẹ̀. Obìnrin tí a ti ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta kò tíì gbé ayé rí.

Ojú tì mí níwájú màmá yẹn. Ọdún mélòó ni mo fi rí ojú ìyá mi lójoojúmọ́ tí mi ò fi mọ̀ pé ilà wọn ò sí níbẹ̀?

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹgbẹ́ ilé, mo ní a máa tún un ṣe. Mo rò pé gbogbo wọn á gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní London kò gbà. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, ó gùn, wọn ò sì bínú. Wọ́n ní, "Màmá fúnra wọn ò kọlà fún ẹnì kankan nínú wa. Wọ́n ní oró tí àwọn jẹ ti tó. Kí ló dé tí àwa á wá gbé e kọ́ ògiri?" Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọmọ wọn rí fọ́tò àkọ́kọ́, èyí tó kéré jù béèrè pé ta ló fi ọ̀bẹ ya ìyá àgbà lójú. Wọn ò fẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ á mọ̀ nípa ìyá ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn á tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé ìyá mi ò kọlà fún wa, kí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 tó sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kọlà sára ọmọ ní Nàìjíríà. Ìyá tiwọn sọ fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀, àwọn náà sì sọ fún wa. Wọ́n ti ń rìn nígbà tí olóòlà dé. Wọ́n dì wọ́n mú, wọ́n kọ ti ọ̀tún tán, wọ́n kọ méjì lósì, ó wá ku ẹyọ kan. Níbi tí abẹ ti ń parí ẹyọ yẹn ni wọ́n mira. Ìdí nìyẹn tí ilà ìsàlẹ̀ pátápátá lósì fi tẹ sókè sí ọ̀nà etí, tí kò bá ti ọ̀tún dọ́gba. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ débẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀dọ̀ mi ló parí sí." Wọn ò sì purọ́, ọ̀dọ̀ wọn ló parí sí.

Àmọ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ fún wa kì í ṣe pé kí a nù ún kúrò lára wọn. Bí mo ṣe kọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, náà dá sí i. Wọ́n rán wa létí àkó ìlú wọn, ère tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún òbí tó jẹ́ èèyàn ńlá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin ín, tó ga tó èèyàn, tí wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún, tí wọ́n á sì gbé e yí ìlú. Wọ́n ní gbogbo iṣẹ́ àti owó tó ń bá àkó lọ, torí kí ojú ère lè jọ ojú ẹni tó lọ ni. Bí kò bá jọ, ta ni wọ́n ń gbé kiri?

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi ojú àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn, ti bàbá afọ́tò àti ti AI, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, tí Màmá bá gbé àwọn lé ẹsẹ̀, àwọn máa ń fi ìka tọ ilà yẹn láti ibi imú lọ sí ibi etí, tí àwọn á máa kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ní ẹ̀ta ló máa ń yọ́ sọ́nà etí. Wọ́n ní kí n tẹ ti ìyá wa.

Ọmọkùnrin gíráfíìsì náà ló tún un ṣe, ó sì fi ọwọ́ ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, nínú Photoshop, àmì kan lẹ́yìn èkejì. Èmi àti ẹ̀ jọ fi òfin kan sílẹ̀: ohun tó bá ti ara bébà wá, kó yọ ọ́, ohun tó bá ti ara ìyá mi wá, kó fi sílẹ̀. Ó dùn ún sọ, ó ṣòro ṣe, torí ìfàlà gígùn yẹn gba orí ilà méjì kọjá lósì. Òun ló rí ọ̀nà tí a fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ tóbi, ìfàlà ara fọ́tò tẹ́ pẹrẹsẹ, funfun báláú ni, kò ní òjìji. Ilà jinlẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú, ẹ̀gbẹ́ kejì gba ìmọ́lẹ̀. Bí ó ti mọ ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìfàlà bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Níbi tí ẹ̀hun ti jẹ ilà kejì lọ pátápátá, ó nílò àwòrán mìíràn tí á máa wò. Mo fún un ní fọ́tò tí ọmọ àbúrò mi fi fóònù ya ara rẹ̀ àti ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ṣiṣẹ́, ó fi ránṣẹ́, mo wò ó, mo rí ilà kan tó tẹ sókè ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Èyí tí ń bẹ lósì náà ṣì wà níbẹ̀. A ò mọ ohun tó fà á, àfìgbà tí mo rí ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn wọn: òdìkejì ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Fóònù ti yí àwòrán náà bí dígí ṣe máa ń ṣe nígbà tí èèyàn bá fi kámẹ́rà iwájú ya ara rẹ̀. Ọ̀tún ìyá mi ti di òsì. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe àwòkọ, kó kọ́kọ́ wá lẹ́tà kan tàbí bọ́tìnnì kan nínú rẹ̀ tó máa sọ òótọ́ fún un.

Àwọn kan ní ká fi àwọ̀ sí i. Aṣọ sányán náà ṣì wà nínú àpótí, a lè wo àwọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ tó jọ òkèlè àmàlà àti tó jọ oyin, bí òwú ìdin sányán ṣe máa ń rí. Àmọ́ kò sí ohun tí a lè wò fún àwọ̀ ara wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge. A fi í sílẹ̀ ní dúdú-àti-funfun.

Títẹ̀ ẹ́ kò pẹ́ tó bí mo ṣe rò. Báná tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ òkú dára fún ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ohun tí a ń gbé kọ́lé fún ogún ọdún. Bébà fọ́tò tó nípọn, tí kò ní ásíìdì, ni a lò, mo sì ní kí wọ́n fi yíǹkì pigment tẹ̀ ẹ́, torí ó máa ń dúró nínú ìmọ́lẹ̀ ju yíǹkì dye lọ. Kí wọ́n tó tẹ odindi, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú nìkan sórí bébà kékeré. Nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ gílóòbù, ó dára. Mo gbé e jáde sí oòrùn, ó ti ń jọ àwọ̀ ewé, torí yíǹkì aláwọ̀ ni wọ́n pò di dúdú. Ilà wọn náà sì ti dúdú jù, ó jọ ohun tí wọ́n fi ẹ̀lú kọ. Wọ́n yí ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i.

Nínú férémù tuntun, a fi káàdì tó nípọn, tí wọ́n gé ihò sí láàrin, sáàárín fọ́tò àti gíláàsì, kí wọ́n má baà fara kan ara wọn mọ́ láé. A ò gbé ti pálọ̀ kọ́jú sí fèrèsé, a ò sì gbé e kọ́ ògiri tí òjò ń jò sí. Lẹ́yìn ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni mo fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ orúkọ wọn, oríkì wọn, agboolé wọn, ìlú tí wọ́n ti ya fọ́tò àkọ́kọ́, àti ìtàn ilà kẹta. Àwòrán náà wà nínú kọ̀ǹpútà mi, nínú díráìfù kan lọ́dọ̀ àbúrò mi, àti lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní London. Fọ́tò àtijọ́ ṣì wà nínú gíláàsì rẹ̀ bó ṣe wà, a fi aṣọ òwú wé e, a gbé e sínú àpótí tó gbẹ, pẹ̀lú sányán náà.

Ẹ̀dà méje la tẹ̀. Ìkeje ni mo gbé lọ fún àbúrò ìyá mi. Wọ́n ní kí n gbé e dúró sórí àga níwájú wọn. Wọn ò béèrè ta nìyẹn. Wọ́n kà á lọ́tùn-ún, wọ́n kà á lósì, nígbà tí ìka wọn dé òpin ẹ̀kẹta, wọ́n dá a dúró síbẹ̀. "Ibí ni wọ́n ti mira," ni wọ́n wí.

Ó wá ku ti bàbá wa. Fọ́tò kan ṣoṣo táwọn náà ní ni pásípọ́ọ̀tù ara káàdì ibi iṣẹ́ wọn, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn kọjá, ó bo gọ̀ǹbọ́ wọn mọ́lẹ̀. Mo ti gbé káàdì náà fún bàbá afọ́tò. Lóṣù tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa wá láti London, àwọn ni wọ́n sì ní àwọn á bá ọmọkùnrin yẹn jókòó, torí àwọn ni wọ́n rántí ojú bàbá wa dáadáa jù.